Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Ìnagijẹ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ímeèlì Ṣìnà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ nígbà tí mo kà wọ́n tán mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mélòó kan nínú wọn ń sọ, pé kíkọ ímeèlì ò le, àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ni wọn kì í tètè rí, tàbí kí wọ́n rí ti ẹlòmíì mú. Ìyẹn ni mo ṣe kó wọn jọ síbí.

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn níbí. Àwọn tó wà nínú kọ́ńtáàtì mi lé ní irinwó. Tí mo bá fẹ́ kọ ímeèlì, tí mo bá ti tẹ a-d-e báyìí, Adébáyọ̀ á yọ, Adébísí á yọ, Adékúnlé mẹ́ta, Adéọlá méjì, àwọn yòókù á máa tò bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mò ń kánjú, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti fẹ́ kú, ni mo bá fi ìwé tá a kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè sí ránṣẹ́ sí Adébáyọ̀ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rárá, ọkùnrin tó ń ta táìlì tí mo ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Ẹnì kan ní tí n bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo nickname, irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Báwo la ṣe ń ṣe é? Gmail ni mò ń lò, lórí láptọ́ọ̀pù àti lórí fóònù.*
*— Akọ̀wé, Ìbàdàn*

Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdààmú. Ohun tó ṣe yín yẹn, ó ti ṣe èmi náà rí, mo mọ bí inú èèyàn ṣe máa ń já tó bá rí i pé lẹ́tà ti lọ síbi tí kò yẹ.

Kí n tó dé orí nickname, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lónìí yìí. Ẹ ṣí Gmail lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ lọ sínú Settings, ẹ tẹ See all settings, ẹ máa rí Undo Send níbẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì 5 ni wọ́n máa ń fi sí látilẹ̀, ẹ yí i sí 30, ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tẹ Save. Látìgbà náà lọ, tẹ́ ẹ bá ti fi ímeèlì ránṣẹ́, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni Gmail fi máa dá a dúró, tí ọkàn yín bá sì sọ pé ẹ ti ṣe àṣìṣe, ẹ tẹ Undo kíá. Tí 30 yẹn bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè pè é padà. 30 ò pọ̀, àmọ́ ó ti yọ mí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn Adé. Bí àpótí To yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé, lẹ́tà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀, ó ń gbé e wò lára orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo èèyàn tẹ́ ẹ ní, àwọn tí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn bá sì bá ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ mu ló máa tò síwájú yín. Àwọn òyìnbó tó ṣe é, orúkọ tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ jọra níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá tẹ lẹ́tà méjì ó ti tó. Tiwa ńkọ́? Adé, Olú, Ọlá, Ayọ̀, Ifẹ́, Ògún, Fá, orí orúkọ la ti ń jọ ara wa, ibi tá a ti yàtọ̀ síra ń bẹ ní ìparí. Ẹ̀yin ń tẹ Adé, kọ̀ǹpútà ò mọ èwo nínú Adé, ó wá ń kó gbogbo wọn jáde, ọwọ́ tó ń kánjú á sì mú ẹni tó wà lókè. Ẹ̀bi yín kọ́ o, bí orúkọ wa ṣe rí ni.

Ṣebí ìnagijẹ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìyàwó tuntun tó bá wọlé ọkọ, kì í pe ọmọ tó bá nínú ilé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n bá ti bí i kó tó dé, ọkọ ẹ̀ ni. Á wá wò ó dáadáa, á fún un lórúkọ tiẹ̀. Ẹni tó dúdú tó ń dán á di Adúmáadán, ẹni tí eyín ẹ̀ funfun á di Eyínfúnjowó, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ á di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tó ń lọ iléèwé á di Akọ̀wé. Adé lè pọ̀ bí iyanrìn nínú agboolé yẹn, àmọ́ Eyínfúnjowó kan ló wà níbẹ̀, tí ìyàwó bá ti pe Eyínfúnjowó, ẹni tó ń pè nìkan ló máa jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí nickname ń ṣe nínú ímeèlì gan-an nìyẹn, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ lọ sí contacts.google.com lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ wọlé pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì Gmail yín kan náà. Ẹ tẹ orúkọ ẹni náà, ẹ tẹ àwòrán pẹ́ńsù kékeré tó dúró fún Edit, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Show more sí (lórí fóònù, nínú Contacts ti Google, ó lè jẹ́ More fields), ẹ máa rí àyè kan tí wọ́n pè ní Nickname. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ìnagijẹ yẹn sí, kẹ́ ẹ tẹ Save. Ó parí. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ ímeèlì, ẹ tẹ ìnagijẹ yẹn sínú To, ẹni yẹn á jáde, ẹ tẹ Enter tàbí Tab, tó bá sì jẹ́ orí fóònù, ẹ fọwọ́ kan orúkọ ẹ̀. Tí kò bá tètè yọ lórí fóònù, ẹ pa Gmail dé kẹ́ ẹ tún un ṣí.

Ibi tó gba ọgbọ́n ni irú ìnagijẹ tẹ́ ẹ máa fún wọn, torí tẹ́ ẹ bá pe akápò ní "adeakapo", ẹ ti padà sínú ọjà tẹ́ ẹ ti ń sá jáde. Ohun tí èmi ń ṣe nìyí, mo sì ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá a ò ní c, a ò ní q, a ò ní v, a ò ní x, a ò ní z. C, v àti z ṣì máa ń yọ, torí a ní Charles, a ní Victoria, a ní Zainab. Àmọ́ ta lẹ mọ̀ tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú x? Ta ló ń jẹ́ q? Ní kọ́ńtáàtì tèmi, kò sẹ́nì kankan. Torí náà x ni mo fi ṣáájú gbogbo àwọn tó jẹ mọ́ iṣẹ́, mo fi q ṣáájú àwọn ará ilé. Ẹ̀yin lè ṣe alága ní "xala", akápò ní "xaka", ayẹ̀wéwò ní "xaye", ẹni tó ń bójú tó owó yíyá ní "xowo". Tẹ́ ẹ bá ti tẹ x péré, àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan ló máa tò síwájú yín, tẹ́ ẹ bá fi lẹ́tà méjì sí i, ó ku ẹnì kan.

Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àmì sísàlẹ̀ sí i. Èmi náà fẹ́ràn kí n kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ẹ̀ ń rí i nínú ìwé ìròyìn yìí, àmọ́ ìnagijẹ inú kọ́ńtáàtì, ìka yín ló wà fún, bí ìka yín ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kánjú ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Orúkọ gidi tó wà lókè ni kẹ́ ẹ fi àmì sí dáadáa.

Ẹ má wulẹ̀ ṣe ti gbogbo irinwó èèyàn o. Àwọn tẹ́ ẹ ń kọ ìwé sí léraléra, bóyá èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn tó. Ẹ má sì jẹ́ kó di pé torí ìnagijẹ wà, ẹ ò wo àdírẹ́ẹ̀sì mọ́. Tí orúkọ bá ti wọnú To, ẹ gbé máòsì lé e, tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án lórí fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì gangan á hàn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, ẹ so ìwé mọ́ ọn, ẹ wá kọ àdírẹ́ẹ̀sì gbẹ̀yìn. Ímeèlì tí ò tíì ní àdírẹ́ẹ̀sì ò lè ṣèèṣì lọ, kódà tí ọwọ́ yín bá kan Send.

Ọkùnrin oníṣòwò táìlì yẹn ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún alága yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Orúkọ onígbèsè kì í ṣe ohun kékeré, òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà látọdún 2023. Ju òfin lọ, àwọn èèyàn yẹn fọkàn tán yín ni.

*Ẹ káàsán o. Ọ̀rọ̀ mi rèé o, mo tọ́jú orúkọ ọ̀gá mi sínú fóònù bíi "Oga Ariwo" torí bó ṣe máa ń pariwo, eré ni mo fi ṣe. Mo wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì, lọ́jọ́ kejì ó pè mí wọ yàrá, ó ní ta ni Oga Ariwo? Ó rí i lókè lẹ́tà mi! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣé gbogbo nickname ló máa ń hàn sí ẹni téèyàn kọ̀wé sí ni?*
*— Ọmọ Ọ́fíìsì, Ìkẹjà*

Rárá, ti nickname kì í hàn. Ohun tó mú yín ni pé inú àyè orúkọ lẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe inú àyè nickname.

Ẹ wò ó báyìí. Nǹkan méjì ló máa ń jókòó sínú To nígbà tí lẹ́tà bá ń lọ, orúkọ á ṣáájú, àdírẹ́ẹ̀sì á tẹ̀ lé e láàárín àmì < àti >. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn nìkan ló ń gbé lẹ́tà dé ilé, orúkọ kàn ń bá a rìn ni. Àmọ́ ó ń bá a rìn lóòótọ́, ó ń bá a dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Gmail àti Thunderbird (òun náà ètò tí wọ́n fi ń kọ ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà ni), orúkọ tẹ́ ẹ fi tọ́jú èèyàn sínú kọ́ńtáàtì yín ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀gá yín rí. Tó bá jẹ́ pé inú Nickname ló wà ni, ọ̀dọ̀ yín ló máa jókòó sí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa fi máa wá a, orúkọ rẹ̀ gidi ló máa bá lẹ́tà lọ.

Torí náà, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lọ tún gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ ṣe. Kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan o, mo mọ̀ pé "Gbese", "Ma Gbe E" àti "Iya Ijogbon" wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sí àyè orúkọ, pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni tàbí alhaja tàbí ẹnjiníà tó bá yẹ.

Pé nickname ò bá lẹ́tà lọ, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ wá kọ èébú sínú ẹ̀. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ fi kọ́ńtáàtì ọ̀gá yín ṣọwọ́ sóun, tẹ́ ẹ bá tẹ Share, fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní vCard ló ń lọ, látọdún 1998 ni àyè ìnagijẹ sì ti wà nínú vCard, nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀dà 3.0, ó lè bá gbogbo ẹ̀ lọ. Èyí tí ojú ò ní tì yín tó bá bọ́ síta ni kẹ́ ẹ kọ. Ti ọ̀gá yín, ẹ lọ bá a kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ má fi ímeèlì bẹ̀ ẹ́ o, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ.

*Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni mí n'Ílọrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ti pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ látọdún tó kọjá, síbẹ̀ tí mo bá ti tẹ orúkọ ẹ̀, ti àtijọ́ yẹn ló máa ń yọ síwájú, gbogbo lẹ́tà mi ń padà wá. Mo ti pa á rẹ́ nínú kọ́ńtáàtì o! Outlook ni níbi iṣẹ́, Gmail ni nílé.*
*— Tíṣà, Ìlọrin*

Tíṣà wa, ibi méjì ló wà. Kọ́ńtáàtì yín ni ibì kan, ibi kejì ni ìwé tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ń kọ, tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá ti kọ̀wé sí rí sínú ẹ̀. Ẹ pa á rẹ́ ní ti àkọ́kọ́, ó ṣì wà ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nínú Outlook orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà sínú To, tí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ bá ti yọ, ẹ máa rí àmì X kékeré lápá ọ̀tún ẹ̀, ẹ tẹ ẹ́, ó lọ nìyẹn. Èèyàn 1,000 ni ìwé yẹn lè gbà, ìyẹn ló ṣe ń rántí àwọn tẹ́yin ti gbàgbé. Ní ti Gmail, ẹ lọ sí contacts.google.com, ẹ tẹ Other contacts lápá òsì, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí, ẹ wá a jáde kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí Gmail máa dá kó èèyàn jọ mọ́ rárá, ẹ wọ Settings, lábẹ́ General, níbi Create contacts for auto-complete, kẹ́ ẹ mú I'll add contacts myself.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbí o, torí ó ju ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín lọ. Àwọn oníjìbìtì máa ń ṣe àdírẹ́ẹ̀sì tó jọ ti ọ̀gá tàbí ti oníbàárà, lẹ́tà kan péré ni wọ́n máa yí padà, wọ́n á fi m kan sí ibi tí r àti n wà. Tẹ́ ẹ bá ti fèsì sí i lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ padà já a pé irọ́ ni, ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lóṣù mẹ́fà sí i ẹ ti gbàgbé, ẹ tẹ orúkọ ọ̀gá, àdírẹ́ẹ̀sì méjì yọ, ẹ mú ti olè. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti rí i pé oníjìbìtì ni, ẹ lọ pa á rẹ́ níbi méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì fún ọ̀gá gidi ní ìnagijẹ, torí ìnagijẹ tẹ́yin fúnra yín kọ sínú kọ́ńtáàtì kan, olè ò lè jẹ́ ẹ.

*Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Peckham ni mò ń gbé. Èmi ni mo máa ń kọ̀wé sí gbogbo mọ̀lẹ́bí tá a bá ní ìpàdé, àwọn kan wà n'Íjẹ̀bú-Òde, àwọn kan ní Houston, àwọn kan níbí, gbogbo wa jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ṣé mo lè tẹ ọ̀rọ̀ kan kí gbogbo wọn yọ? Thunderbird ni mò ń lò, àbúrò mi tó ń ràn mí lọ́wọ́ ń lo Gmail.*
*— Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù*

Ẹ lè ṣe é dáadáa. Nínú Thunderbird, ẹ ṣí Address Book, ẹ tẹ New List. Wọ́n á bi yín ní orúkọ, ẹ kọ "Molebi Ijebu", wọ́n á tún bi yín ní List Nickname, ẹ kọ "qmo" síbẹ̀, ẹ wá kó àdírẹ́ẹ̀sì àwọn èèyàn yín sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ qmo, gbogbo wọn ti dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan èèyàn náà ní àyè Nickname tiẹ̀ nínú Thunderbird, ó wà lápá orúkọ lókè níbi tẹ́ ẹ ti ń tún kọ́ńtáàtì ṣe, ẹ ò ní wá a pẹ́. Ti àbúrò yín, Label ni wọ́n ń pè é ní Google. Kó lọ sínú Contacts, kó ṣe label tuntun, kó kó àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn sínú ẹ̀, tó bá tẹ orúkọ label yẹn sínú To, wọ́n á yọ pọ̀. Kó fi q bẹ̀rẹ̀ orúkọ label náà, torí orúkọ label fúnra ẹ̀ ló máa tẹ̀.

Ìbéèrè tẹ́ ò bi mí ni mo fẹ́ dáhùn báyìí. To ni kẹ́ ẹ kó wọn sí ni àbí Bcc, àpótí tí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú ẹ̀ kì í hàn sí àwọn yòókù? Tẹ́ ẹ bá kó wọn sí To, gbogbo wọn ló máa rí àdírẹ́ẹ̀sì ara wọn, tí Bọ̀ọ̀dá kan ní Houston bá sì tẹ Reply all pé "Àmín", èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló gba Àmín yẹn, ẹnìkejì á tún ṣe Àmín tiẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ lẹ́tà ti di ogójì. Láàárín ẹbí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jíròrò, To dáa. Tó bá jẹ́ ìkéde lásán, ọjọ́ ìpàdé àti iye owó ìdáwó, àdírẹ́ẹ̀sì tiyín ni kẹ́ ẹ kọ sí To, kẹ́ ẹ kọ qmo sí Bcc, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbà á bíi pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹbí, ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde iléèwé, Bcc ni nígbà gbogbo, torí kò sẹ́ni tó sọ pé kẹ́ ẹ pín àdírẹ́ẹ̀sì òun fún ẹlòmíì. Gmail lásán tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ò sì gbà ju èèyàn 500 lọ lójúmọ́, ti ẹbí yín ò lè débẹ̀.

Táwọn kan bá ti papòdà nínú ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè yọ àdírẹ́ẹ̀sì wọn kúrò. Ó máa ń dun opó tàbí ọmọ tó bá rí i pé wọ́n ṣì ń kọ̀wé sí olóògbé.

*Bàbá mi sọ pé àwọn ti ń lo nickname nínú ímeèlì kí wọ́n tó bí mi. Ṣé òótọ́ ni?*
*— Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Òótọ́ ni, bàbá yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lọ́dún 1971 ni Ray Tomlinson fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló mú àmì @ yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà táwọn tó ń lo ẹ̀rọ Unix ti ń kọ alias sínú fáìlì kan, pé tí n bá kọ báyìí, lágbájá ni mò ń bá wí. Eudora, ètò ímeèlì tí Steve Dorner ṣe ní yunifásítì Illinois lọ́dún 1988, Nicknames gan-an ni wọ́n pe ìwé àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀. Ní Pine, ètò ímeèlì ti yunifásítì Washington, ìnagijẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹnikẹ́ni, orúkọ tòótọ́ ló ń tẹ̀ lé e. Ìka ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe gbogbo nǹkan nínú Pine, àdírẹ́ẹ̀sì gígùn sì máa ń dá èèyàn lágara. Ẹ ní kí bàbá yín sọ irú ìnagijẹ tí wọ́n lò nígbà yẹn fún yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.

*Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, kò sí ọ̀kan nílé. Wọ́n ra láptọ́ọ̀pù fún mi kí n máa kọ̀wé sí wọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, ojú náà ti ń ṣú. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni pé orúkọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kọ́ ni mo fi ń pè wọ́n, ti àkọ́bí mi, lẹ́tà méjì, àmì ìdánudúró kan àti náḿbà ni, ti obìnrin, orúkọ ọkọ ẹ̀ ni, mi ò lè há gbogbo ìyẹn sórí. Kí ni kí n ṣe?*
*— Ìyá Àkànní, Abẹ́òkúta*

Ẹ kú alẹ́ mà, ìyá mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, lẹ́tà yín ni mo kà kẹ́yìn, òun ló sì wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ẹ má há nǹkan kan sórí mà. Orúkọ tẹ́ ẹ fi ń kì wọ́n láti kékeré, tẹ́ ẹ fi ń pè wọ́n tí orí wọn fi ń wú, òun gan-an ni ìnagijẹ tó dáa jù fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ọ́ nínú bẹ́ ẹ ṣe fọwọ́ sí lẹ́tà yín. Ẹni tó jẹ́ lẹ́tà méjì àti náḿbà lójú Google, Àkànní ni lójú yín, ẹ jẹ́ kí Google náà máa pè é ní Àkànní nígbà tó bá ń bá yín ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá kí yín, ọmọ ọmọ ni o, ọmọ ará àdúgbò ni o, ẹ fún un ní ìwé ìròyìn yìí kó ka ohun tí mo sọ fún Akọ̀wé Ìbàdàn lókè, kó bá yín ṣí kọ́ńtáàtì àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó kọ oríkì kálukú sí Nickname. Ẹ̀yin ò nílò x àti q tí mo sọ fún wọn, èèyàn mẹ́ta péré lẹ ní, ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oríkì wa ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, Àkànní, Àjàní, Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́, torí náà a nìkan ò ní tó, ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí ọmọ yẹn fi àwòrán kálukú sínú kọ́ńtáàtì ẹ̀, torí tí orúkọ bá yọ, àwòrán lè yọ pẹ̀lú ẹ̀, tójú ò bá tilẹ̀ ríran ka àdírẹ́ẹ̀sì kékeré yẹn, ẹ máa mọ ojú ọmọ yín. Tí lẹ́tà bá kéré jù, ẹ di Ctrl mú kẹ́ ẹ tẹ àmì + ní ẹ̀ẹ̀méjì mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á tóbi sí i.

Ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ fi máòsì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ aka, tí Àkànní yọ, ẹ tẹ Enter, ẹ tẹ Tab, ẹ ti bọ́ síbi àkọlé lẹ́tà nìyẹn, ẹ tún tẹ Tab, ẹ ti wà nínú lẹ́tà. Kó bá yín kọ ọ́ sórí páálí pẹ̀lú bírò dúdú, oríkì mẹ́ta àti bọ́tìnnì méjì yẹn, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Kó má sì tíì lọ o, kó jókòó tì yín kẹ́ ẹ fi ti Àkànní ránṣẹ́ ná, ìlà kan péré, pé màámi ló ń kọ èyí. Tó bá ti fèsì, kẹ́ ẹ wá bọ́ sórí ti àbúrò ẹ̀.